Báwo Ni Ẹ̀ṣẹ̀ Ṣe Ń Tan Ẹni Tó Mọ Bíbélì Jẹ?

Ìgbàkúùgbà tí ìròyìn bá jáde pé gbajúmọ̀ ìránṣẹ́ Ọlọ́run kan kówó ìjọ jẹ, tàbí pé wọ́n ká a mọ́ ìyàwó oníyàwó, ọ̀rọ̀ méjì ló máa ń gba ẹnu àwọn èèyàn kan. Àwọn kan á ní, "Kò fìgbà kan mọ Ọlọ́run tẹ́lẹ̀ ni." Àwọn mìíràn á ní, "Irọ́ ni, iṣẹ́ ọ̀tá ni. Ṣé ẹni tó ń gbàdúrà tí arọ ń rìn ló máa ṣe bẹ́ẹ̀?" Ti àkọ́kọ́ sọ ọ́ di pé àwọn ìkà èèyàn nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ ń mú. Ti èkejì sọ ọ́ di pé ẹ̀bùn ẹ̀mí ni ẹ̀rí ìwà. Bíbélì kò ti ọ̀kankan nínú méjèèjì lẹ́yìn. Àwọn onígbàgbọ́ ni ìwé Hébérù ń bá sọ̀rọ̀ ní orí 3 ẹsẹ 13, nígbà tó ní kí wọ́n máa gba ara wọn níyànjú lójoojúmọ́ kí ẹ̀tàn ẹ̀ṣẹ̀ má baà sé ọkàn ẹnikẹ́ni nínú wọn le. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ náà "lójoojúmọ́".

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, báwo ni ohun tí èèyàn mọ̀ pé kò dára, tó tiẹ̀ ń wàásù lòdì sí, ṣe ń tàn án jẹ?

Kí ni ẹ̀ṣẹ̀, kí sì ni ìdánwò?

Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí èèyàn tẹ òfin Ọlọ́run lójú. Bí 1 Jòhánù 3:4 ṣe là á sílẹ̀ nìyẹn. Jákọ́bù 4:17 fi apá kejì kún un: ẹni tó mọ rere tó yẹ kó ṣe tí kò ṣe é, ẹ̀ṣẹ̀ ló dá. Ẹni tó jí owó ti ṣẹ̀. Ẹni tó rí i, tó mọ̀, tó sì pa ẹnu mọ́ torí ìpín tirẹ̀ ti ṣẹ̀ pẹ̀lú.

Ìdánwò yàtọ̀. Ìdánwò ni kí ohun tí kò tọ́ wá fi ara rẹ̀ lọ èèyàn. Hébérù 4:15 sọ pé wọ́n dán Jésù wò lọ́nà gbogbo bíi tiwa, síbẹ̀ kò dẹ́ṣẹ̀. Nítorí náà, èrò tó ṣàdédé gba orí èèyàn kọjá, tàbí ojú tó ṣèèṣì bá nǹkan pàdé, kò tíì di ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ tó ní ẹ̀rí ọkàn tútù ló ń fi ìyẹn dá ara wọn lẹ́bi láti àárọ̀ dalẹ́, títí wọ́n á fi rò pé àwọn ti já bọ́ tán, pé kò tún sí ohun tí àwọn ń ṣọ́ mọ́.

Àwọn mìíràn wà lódì kejì. Lójú tiwọn, bí ọwọ́ kò bá tíì kan nǹkan, kò tíì ṣẹlẹ̀. Jákọ́bù 1:14-15 dá àwọn wọ̀nyí lóhùn. Ó ní ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ara ẹni ló ń fa èèyàn lọ tó sì ń tàn án. Ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ náà á lóyún, á bí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ á dàgbà, á bí ikú. Oyún yẹn dúró lọ́jọ́ tí ọkàn gbà. Àmì rẹ̀ kò ṣòro mọ̀: nígbà tí èèyàn bá ti ń ṣètò, tó ń ka ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ kò ní sí nílé, tàbí tó ti ń ro ohun tó máa kọ sínú ìwé ìṣirò owó bí ìgbìmọ̀ bá béèrè, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ìdánwò. Kò tíì ṣe é, ṣùgbọ́n ó ti gbà láti ṣe é.

Jákọ́bù kò dárúkọ Sátánì nínú ẹsẹ méjèèjì yìí. Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n. Ó ní ká kọjú ìjà sí i ní orí 4 ẹsẹ 7. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń ṣàlàyé ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ ti ń ṣẹ̀ wá, ìfẹ́ inú èèyàn ló nawọ́ sí. Pọ́ọ̀lù náà pe àgbèrè, ìlara, ìbínú àti ìmutípara ní iṣẹ́ ti ara nínú Gálátíà 5:19-21. Ara kì í ṣe ẹ̀mí àìmọ́ tí wọ́n ń lé jáde. Ẹsẹ 24 ní ṣe ni wọ́n ń kàn án mọ́ àgbélébùú. Ẹni tó ń ti orí òkè àdúrà kan bọ́ sí òmíràn nítorí ìdáǹdè kúrò lọ́wọ́ ẹ̀mí àgbèrè, tí nọ́ńbà obìnrin náà ṣì wà lórí fóònù rẹ̀, ibòmíràn ló ń wá ohun tó wà lápò rẹ̀ sí.

Báwo ló ṣe ń wọlé? Ọ̀rọ̀ Dáfídì

Kò síbi tí Bíbélì ti tò ó ní ìṣísẹ̀-ní-ìṣísẹ̀ bíi 2 Sámúẹ́lì orí 11. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dá lé kì í ṣe ọmọdé nínú ìgbàgbọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Sọ́ọ̀lù bọ́ sí Dáfídì lọ́wọ́, tó sì kọ̀ láti pa á. Ó mọ Ọlọ́run, ó sì ń kọrin sí i.

Ìgbà tí àwọn ọba máa ń lọ sógun ni. Dáfídì rán Jóábù àti àwọn ọmọ ogun lọ bá àwọn ará Ámónì jà, wọ́n sì dó ti ìlú Rábà, òun fúnra rẹ̀ jókòó sí Jerúsálẹ́mù. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dìde lórí ibùsùn, ó ń rìn kiri lórí òrùlé ààfin, ó rí obìnrin kan tó ń wẹ̀. Títí dé ibí yìí, kò tíì ṣe nǹkan kan. Ó wá ránṣẹ́ lọ béèrè ẹni tí obìnrin náà jẹ́. Ọba tí ìyàwó kún ààfin rẹ̀ kò nídìí tó fi ń wádìí obìnrin tó ń wẹ̀ nínú ọgbà rẹ̀. Ibí yìí ni oyún tí Jákọ́bù sọ ti dúró.

Èsì tí wọ́n mú wá tó kí ó dá a dúró: Bátíṣébà ni, ọmọ Élíámù, ìyàwó Ùráyà ará Hítì. Orúkọ Ùráyà wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn 37 akọni Dáfídì ní orí 23, orúkọ Élíámù kan sì wà níbẹ̀. Ẹni tó jẹ́ iṣẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bẹ ọba ni, torí kò wulẹ̀ dárúkọ obìnrin náà lásán, ó dárúkọ bàbá rẹ̀, ó sì dárúkọ ọkọ rẹ̀. Dáfídì ránṣẹ́ mú un wá.

Ó rí, ó fẹ́, ó mú. Bí Éfà ṣe ṣe ní Jẹ́nẹ́sísì 3:6 gan-an nìyẹn. Bí Ákánì, tó mú nínú ìkógun Jẹ́ríkò tí Ọlọ́run kà léèwọ̀, náà ṣe jẹ́wọ́ nìyẹn ní Jóṣúà 7:21: ó rí ẹ̀wù dáradára kan láti Bábílónì, 200 ṣékélì fàdákà àti wúrà gbọọrọ kan tó wọn 50 ṣékélì, ó wọ̀ ọ́ lójú, ó mú un, ó sì rì í mọ́lẹ̀ nínú àgọ́ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ nípa ẹ̀wù yìí, ọkùnrin 36 ti kú lójú ogun Áì. Kò sí èyí tó gbọ́ nípa rẹ̀ rárá nínú wọn.

Bátíṣébà lóyún. Ìgbà yìí ni iṣẹ́ gidi bẹ̀rẹ̀. Dáfídì pe Ùráyà wálé bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ bí ogun ṣe ń lọ, ó ní kó lọ sílé kó lọ sinmi, ó sì fi oúnjẹ ránṣẹ́ tẹ̀ lé e. Ùráyà sùn sẹ́nu ọ̀nà ààfin pẹ̀lú àwọn ìránṣẹ́. Ó ní nígbà tí àpótí ẹ̀rí àti Ísírẹ́lì wà nínú àgọ́, tí ọ̀gá òun Jóábù wà ní pápá, òun kò ní lọ sílé lọ jẹ, lọ mu, lọ bá ìyàwó òun sùn. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, Dáfídì fún un lọ́tí títí ó fi yó. Ùráyà tó ti mutí yó yẹn ṣì mọ ohun tó tọ́ ju ọba tí ojú rẹ̀ dá lọ. Kò lọ sílé. Ní àárọ̀, Dáfídì kọ lẹ́tà sí Jóábù pé kó fi Ùráyà síbi tí ìjà ti le jù, kí wọ́n sì fà sẹ́yìn lẹ́yìn rẹ̀. Ùráyà fúnra rẹ̀ ló mú lẹ́tà náà lọ. Ó kú, àwọn ọmọ ogun mìíràn sì bá a kú. Èsì tí Dáfídì fi ránṣẹ́ sí Jóábù ni pé kó má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà bà á nínú jẹ́, pé bí idà ṣe ń pa ti ibí ló ń pa ti ọ̀hún.

Bí ẹnì kan bá sọ fún Dáfídì lórí òrùlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn pé, "Wàá pa Ùráyà," ì bá sáré wọlé. Ẹ̀ṣẹ̀ kò fi ẹ̀jẹ̀ lọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ dà bí owó sógundógójì: ogún ni olówó máa kà sí ọ lọ́wọ́ ní wàràwàrà, á sì fohùn jẹ́jẹ́ sọ ti ogójì, lọ́jọ́ tó dà bíi pé ó jìnnà. Ọjọ́ pé, ọwọ́ kò tó o, o lọ yá ti ẹlòmíràn láti fi san án. Gbèsè àgbèrè ni Dáfídì fi irọ́ san. Irọ́ kò tó, ó fi ọtí kún un. Ọtí kò tó, ó fi ẹ̀mí èèyàn san án.

Irọ́ wo ni ẹ̀ṣẹ̀ máa ń pa?

Èyí tó lágbára jù ni pé ó máa ń yí orúkọ padà. Sámúẹ́lì ní kí Sọ́ọ̀lù pa gbogbo ohun tí àwọn ará Ámálékì ní run. Sọ́ọ̀lù dá àgùntàn àti màlúù tó dára jù sí. Nígbà tí wòlíì bi í, ó ní wọ́n fẹ́ fi rúbọ sí Olúwa ni (1 Sámúẹ́lì 15:15). Ó ti sọ olè di ìjọsìn. Lóde òní, akápò ìjọ kì í jalè. Ó "yá a" ni, oṣù tó ń bọ̀ lá á dá a padà. Ẹ̀gúnjẹ ti di "ẹ̀mí ìmoore". Òfófó ti di kókó àdúrà: "Ẹ jẹ́ ká gbé arábìnrin yẹn sọ́wọ́ Ọlọ́run o, mo gbọ́ pé…" Ọ̀nà tí a fi ń dán an wò ni pé kéèyàn kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí. Ṣé akápò yẹn lè kọ sínú ìwé ìṣirò pé, "Mo mú ₦50,000 lónìí láìsọ fún ẹnikẹ́ni, owó ilé ìwé ọmọ mi ni mo fẹ́ fi san"? Bí kò bá lè kọ ọ́, kì í ṣe yíyá ló yá a.

Irọ́ kejì ni "ẹ̀ẹ̀kan péré". Ẹ̀ẹ̀kan kì í jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, ìdí sì wà. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀rù àti ìtìjú máa ń di èèyàn lọ́wọ́. Tó bá ti ré wọn kọjá lẹ́ẹ̀kan, tí ilẹ̀ kò sì lanu, agbára wọn á dín kù nígbà kejì. Pọ́ọ̀lù sọ nínú 1 Tímótì 4:2 nípa ẹ̀rí ọkàn tí wọ́n ti fi irin gbígbóná jó. Ibi tí iná bá ti jó dénú kì í mọ ìrora mọ́. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ pé, "Ọkàn mi balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, mo sì ti gbàdúrà sí i." Ìbàlẹ̀ ọkàn kọ́ nìyẹn nígbà gbogbo. Nígbà mìíràn, kíkú tipiri ni.

Ìkẹta ni pé ó máa ń sọ sùúrù Ọlọ́run di ìfọwọ́sí. Ọmọ tí Bátíṣébà lóyún rẹ̀ ti wáyé kí wòlíì Nátánì tó wá bá Dáfídì wí, ìyẹn ni pé ó lé ní oṣù mẹ́sàn-án tí ààrá kankan kò sán. Oníwàásù 8:11 sọ ọ́ ní gbangba pé torí a kò tètè ṣe ìdájọ́ iṣẹ́ burúkú ni ọkàn àwọn èèyàn fi le láti ṣe é.

Ìkẹrin yà mí lẹ́nu ju àwọn yòókù lọ: ẹ̀ṣẹ̀ tí a fi pamọ́ máa ń la ojú èèyàn sí ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn. Nátánì pa ìtàn ọlọ́rọ̀ kan fún Dáfídì, ẹni tó gba ọ̀dọ́ àgùntàn kan ṣoṣo tí tálákà ní, tó fi ṣe àlejò. Inú bí ọba gidigidi. Ó ní ọkùnrin náà gbọ́dọ̀ kú, kó sì san án ní ìlọ́po mẹ́rin. Òfin Mósè ní Ẹ́kísódù 22:1 ní àgùntàn mẹ́rin lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní kí wọ́n pa olè àgùntàn. Dáfídì fi ikú kún un látọwọ́ ara rẹ̀. Ẹni tí kò lè fọwọ́ kan ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ ló sábà máa ń na ti ẹlòmíràn kọjá ìwọ̀n.

Bí ìránṣẹ́ Ọlọ́run bá ń dẹ́ṣẹ̀, kí ló dé tí iṣẹ́ ìyanu kò dúró?

Nítorí pé ẹ̀bùn kì í ṣe owó iṣẹ́. Àwọn tí a fẹ́ ràn lọ́wọ́ ni Ọlọ́run ń tìtorí wọn fi í fún èèyàn.

Ní Onídàájọ́ 16:1-3, Sámúsónì wọlé tọ aṣẹ́wó lọ ní Gásà. Lóru ọjọ́ yẹn gan-an ló fa ilẹ̀kùn ẹnubodè ìlú tu tòun ti òpó, tó gbé e léjìká lọ sórí òkè. Agbára náà kò dín. Mo rò pé alẹ́ yẹn ló bà á jẹ́ ju ọjọ́ Dẹ̀lílà lọ, torí níbẹ̀ ló ti kọ́ pé kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá fá irun rẹ̀, ó dìde, ó ní òun á jáde bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ẹsẹ 20 ní kò mọ̀ pé Olúwa ti fi òun sílẹ̀. Sọ́ọ̀lù náà sọ àsọtẹ́lẹ̀ tọ̀sán-tòru nígbà tó ń lọ mú Dáfídì láti pa á (1 Sámúẹ́lì 19:23-24). Jésù sì ti sọ nínú Mátíù 7:22-23 pé àwọn tó fi orúkọ òun lé ẹ̀mí èṣù jáde wà lára àwọn tí òun máa sọ fún pé òun kò mọ̀ wọ́n rí.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀sùn owó bá délẹ̀, arọ tó rìn kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Ìwé ìṣirò ni ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n idà yìí ní ojú méjì o: 1 Tímótì 5:19 ní ká má ṣe gba ẹ̀sùn lòdì sí alàgbà àfi lẹ́nu ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta. Àhesọ lórí WhatsApp kò tó láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Kí ló ń bàjẹ́ tí a kì í tètè rí?

Àárín èèyàn àti Ọlọ́run ló ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Sáàmù 32:3-4, tí orúkọ Dáfídì wà lórí rẹ̀, ní nígbà tí òun dákẹ́, egungun òun gbó, okun òun sì gbẹ bí ọ̀dá ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àdúrà di ìṣe lásán. Èyí, ọ̀pọ̀ oníwàásù máa ń mẹ́nu kàn án. Èyí tí wọn kì í sábà dé ni àṣẹ.

Ámínónì ọmọ Dáfídì fipá bá Támárì àbúrò rẹ̀ lò pọ̀. 2 Sámúẹ́lì 13:21 ní inú bí Dáfídì gan-an. Ibẹ̀ ni ẹsẹ náà parí sí. Òun ni bàbá, òun ni ọba, òun sì ni adájọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ náà, síbẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Kí ni yóò sọ fún Ámínónì? Kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ mọ́ lórí obìnrin tí a fi agbára mú. Támárì sì jókòó nílé Ábúsálómù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ti dahoro.

Lẹ́yìn ọdún 2 gbáko, Ábúsálómù se àsè níbi tí wọ́n ti ń rẹ́ irun àgùntàn, ó dúró dìgbà tí ọtí mú ọkàn Ámínónì yọ̀, ó sì ní kí àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ pa á. Ọtí, àti ọwọ́ ẹlòmíràn. Irinṣẹ́ tí bàbá fi pa Ùráyà ni ọmọ mú lò. Ábúsálómù sá lọ sí Géṣúrì fún ọdún 3, nígbà tó sì pẹ́ tó ti padà wálé, ó dìtẹ̀ gba ìjọba. Ọkùnrin 20,000 ló kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo nínú igbó Éfúráímù.

Ta ni agbani-nímọ̀ràn Ábúsálómù? Áhítófẹ́lì, tó ti ń gba Dáfídì nímọ̀ràn tẹ́lẹ̀. 2 Sámúẹ́lì 23:34 pe Élíámù ní ọmọ Áhítófẹ́lì. Bó bá jẹ́ Élíámù bàbá Bátíṣébà nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ olùkọ́ Bíbélì ṣe gbà, a jẹ́ pé bàbá àgbà Bátíṣébà ni, ìbínú rẹ̀ sì yé wa. Òun ló ní kí Ábúsálómù wọlé tọ àwọn àlè bàbá rẹ̀ lójú gbogbo Ísírẹ́lì, orí òrùlé ààfin sì ni wọ́n pàgọ́ fún un sí. Àwọn obìnrin 10 yẹn kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Dáfídì sé wọn mọ́lé nígbà tó padà dé, wọ́n sì wà bí opó títí wọ́n fi kú (20:3).

Jóábù ń kọ́? Olórí kunkun ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti pa Ábínérì kí ọ̀rọ̀ Ùráyà tó dé. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn lẹ́tà yẹn, àṣírí ọba wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pa Ábúsálómù lòdì sí àṣẹ ọba, ó pa Ámásà tí ọba fi rọ́pò rẹ̀, ó sì padà sí ipò rẹ̀. Ìgbà ayé Sólómọ́nì ni ìdájọ́ tó bá a. Ẹni tó bá fi ọmọ abẹ́ rẹ̀ bo ẹ̀ṣẹ̀ ti sọ ọmọ abẹ́ náà di ọ̀gá.

Bí Ọlọ́run bá ti dárí jì, kí ló dé tí ìyà ṣì kù?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú jù. Nínú 2 Sámúẹ́lì 12:13, gbólóhùn kan ni Dáfídì sọ, "Mo ti ṣẹ̀ sí Olúwa," Nátánì sì dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé Olúwa ti mú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kúrò, kò ní kú. Ṣùgbọ́n wòlíì kan náà ló sọ pé idà kò ní kúrò nílé rẹ̀, ọmọ náà sì kú lọ́jọ́ keje tí àìsàn dé sí i.

Ẹ̀bi jẹ́ ọ̀tọ̀, àbájáde jẹ́ ọ̀tọ̀. Ìdáríjì mú ẹ̀bi kúrò láàárín èèyàn àti Ọlọ́run. Àwọn Kristẹni gbà pé ara Kristi ni ẹ̀bi náà lọ sí. Àbájáde wà láàárín àwọn èèyàn. Ọlọ́run dárí ji ẹni tó kówó opó jẹ, síbẹ̀ owó opó kò tíì dé ọwọ́ opó.

Àwọn ìjọ kò fẹnu kò lórí ibi tó máa yọrí sí. Ìjọ Kátólíìkì pín ẹ̀ṣẹ̀ sí èyí tó ń pa ọkàn àti èyí tó ń ṣe é léṣe. Ọ̀pọ̀ Onítẹ̀bọmi ń kọ́ni pé ẹni tí a tún bí nítòótọ́ kò lè ṣègbé nígbẹ̀yìn. Mẹ́tọ́díìsì àti ọ̀pọ̀ ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì ń kọ́ni pé èèyàn lè kọ ìgbàgbọ́ sílẹ̀ kó sì sọ ọ́ nù. Kò sí èyí tó ní kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré nínú wọn.

Báwo ni èèyàn ṣe ń jáde?

Sọ́ọ̀lù àti Dáfídì ni wọ́n jọ sọ pé, "Mo ti ṣẹ̀." Sọ́ọ̀lù fi kún un pé àwọn èèyàn ni òun ń bẹ̀rù, ó sì ní kí Sámúẹ́lì jọ̀ọ́ bu ọlá fún òun níwájú àwọn àgbà (1 Sámúẹ́lì 15:24, 30). Dáfídì kò fi nǹkan kan kún tirẹ̀. Ohun tí ẹni tí a ká mọ́ bá fi kún ìjẹ́wọ́ rẹ̀ ni kí ẹ máa tẹ́tí sí.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí a dárúkọ rẹ̀. "Olúwa, dárí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi jì mí" dára fún àdúrà alẹ́, kò tó fún ₦200,000 tí a kó. Ẹ sọ iye, ẹ sọ ìgbà, ẹ sọ orúkọ ẹni tó ni ín.

Lẹ́yìn náà, kí a gé ọ̀nà. Jósẹ́fù fi ẹ̀wù sílẹ̀ ó sá. Kò dúró gbàdúrà nínú yàrá yẹn. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ obìnrin, ẹ pa nọ́ńbà rẹ́, ẹ má sì tún ṣe ìgbaninímọ̀ràn nínú yàrá tí a tìlẹ̀kùn rẹ̀. Bó bá jẹ́ ti owó, ó kéré tán kí èèyàn méjì tí kì í ṣe ẹbí ara wọn jọ ka ọrẹ kí wọ́n tó kúrò nínú ilé ìsìn, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí iye tí wọ́n kà, kí owó sì lọ sí báńkì ní odidi láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ ná nínú rẹ̀. Kí àkáǹtì ìjọ má ṣe jẹ́ ti olùfọwọ́sí kan ṣoṣo.

Ẹ sọ fún ẹnì kan. Jákọ́bù 5:16 ló sọ bẹ́ẹ̀, àṣìṣe tó sì wọ́pọ̀ ni pé àwọn olórí máa ń yan ẹni tó ń bẹ̀rù wọn. Ẹni tí ẹ ń san owó oṣù rẹ̀ kò lè bá yín wí. Ẹ wá àgbà tó lè pa àṣírí mọ́, tó lè tún béèrè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tí kò sì nídìí láti máa wá ojú rere yín. Àwọn Kátólíìkì ní àlùfáà fún èyí, òfin ìjọ sì ká a lọ́wọ́ kò láti tú ohun tó gbọ́ níbi ìjẹ́wọ́.

Ẹ dá a padà. Léfítíkù 6:1-5 ní kí olè san ojú owó, kó sì fi ìdá márùn-ún rẹ̀ kún un. Ní ti ₦200,000, èlé rẹ̀ jẹ́ ₦40,000, àròpọ̀ ₦240,000. Sákéù tiẹ̀ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin nínú Lúùkù 19:8. A kò fi òfin Mósè de Kristẹni, ṣùgbọ́n kí ìrònúpìwàdà Kristẹni má kéré sí ti Léfítíkù. Bí kò bá sí lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n kọ iye tí yóò máa san lóṣooṣù sílẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n máa ń mú owó náà lọ fi dá ìdámẹ́wàá tàbí gbin irúgbìn. Léfítíkù ní ẹni tó ni ín ni kí a dá a padà fún. Bó bá ti kú, Númérì 5:8 darí rẹ̀ sí ìbátan rẹ̀.

Ti àgbèrè gba ọgbọ́n díẹ̀ sí i. Ó dára kí èèyàn fi ọ̀rọ̀ lọ àgbà kó tó sọ fún ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀, nítorí bí a ṣe máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan kò ṣeé dúró dè: àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Kò sí ìjẹ́wọ́ tó tọ́ tó máa jẹ́ kí ìlera ẹnìkejì wà nínú ewu láìjẹ́ pé ó mọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ ìfipábánilòpọ̀, tàbí tí wọ́n ba ọmọdé jẹ́, ìjẹ́wọ́ níwájú pẹpẹ kò rọ́pò ọlọ́pàá. Ẹ gbé ọmọ náà lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, tí ó bá ṣeé ṣe kí ó tó wẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ tó wọ̀ pamọ́. Alàgbà tó ní kí wọ́n "fi ṣe ọ̀rọ̀ inú ilé" ti bá wọn dá ẹ̀ṣẹ̀ náà.

Ṣé ẹni tó ṣubú lè padà sórí pẹpẹ?

Ìdáríjì kì í ṣe ìwé ìyànsípò. Gálátíà 6:1 ní kí a fi ẹ̀mí ìwà tútù mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ bọ̀ sípò, ìyẹn sínú ìdàpọ̀ àwọn ará. 1 Tímótì 3:2 àti 7 wá béèrè ohun mìíràn lọ́wọ́ alábòójútó: kó jẹ́ aláìlẹ́gàn, kí àwọn tó wà lóde ìjọ sì lè jẹ́rìí rere sí i. A lè rí ti àkọ́kọ́ gbà lọ́jọ́ kan. Ti èkejì ń gba ọdún, àwọn mìíràn kì í sì í rí i gbà mọ́. Pétérù sẹ́ Jésù, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Mósè lu àpáta, kò dé Kénáánì, bẹ́ẹ̀ Ọlọ́run kò kọ̀ ọ́.

Ìgbìmọ̀ tó bá fẹ́ ṣe ìpinnu yìí ní láti kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ẹni tó ṣubú náà fúnra rẹ̀ ló wá jẹ́wọ́ tàbí wọ́n ká a mọ́ ni, bóyá owó ti padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín, àti bóyá ó gbà láti jókòó sábẹ́ ẹlòmíràn láìbéèrè ọjọ́ tí wọ́n máa dá a padà. Kí wọ́n sì lọ bá ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ nílé rẹ̀, kí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ti pásítọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìjọ, wọ́n á ti ṣe ìsìn ìdúpẹ́ ìpadàbọ̀ tán kí ẹnikẹ́ni tó rántí béèrè ibi tí obìnrin náà wà.